Màmá Kọ́ọ̀tù àti Ìyá Tí Kò Sọ̀rọ̀

Obìnrin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sọ ní Màmá Kọ́ọ̀tù kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti ń jókòó síwájú adájọ́, tó ń tẹ gbogbo ohun tí ẹnu bá sọ sínú ìwé: ti àwọn tó ń jà nítorí ilẹ̀, ti tọkọtaya tó ń kọ ara wọn, ti olè tó ń búra pé òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ló ń gba ìka rẹ̀ kọjá láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé tirẹ̀ ńkọ́.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fún un ní aago ògiri, tí wọ́n sì kí i kú iṣẹ́, ó délé, ó bọ́ bàtà, ó ní òun fẹ́ padà sí yunifásítì, òun fẹ́ gboyè másítà nínú ìtàn kíkọ.

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí ẹ̀yìn dídùn ti gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀, wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Ìtàn ta ni?"

"Tèmi."

"Ìwọ yìí? Ìwọ tí mo máa ń bi pé báwo lọjọ́ ṣe lọ, tí wàá ní 'dáadáa', tí ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀?"

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí bàbá náà fi lọ fa ayùn yọ, tó kan tábìlì kékeré kan tó ṣe wẹ́kú ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá wọn. Ó dá ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀, nítorí ó mọ ibi tí ìyàwó òun ga mọ. Láti ọjọ́ náà, bí èèyàn bá bi í léèrè ẹ̀yìn tó ń dùn ún, èsì tó máa ń fún un ni pé, "Ìyàwó mi ń kàwé lọ́wọ́ o."

Yunifásítì gbà á, torí ó ti fi àwọn ọjọ́ Sátidé gboyè àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́: tábìlì gígùn kan, àwọn àga tí kò bára mu, fèrèsé tí wọ́n fi bébà há kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbá a. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan á pín ìtàn rẹ̀ fáwọn yòókù, wọn á lọ kà á nílé, bí wọ́n bá tún pàdé, wọn á tú u palẹ̀ lójú ẹni tó kọ ọ́, onítọ̀hún ò sì gbọdọ̀ fèsì. Àwọn ọ̀dọ́ náà kì í ṣàánú ara wọn. "Ojú ìwé kejì yìí, oorun ló fi kùn mí," báyìí ni wọ́n máa ń wí.

Ó wá kan Màmá Kọ́ọ̀tù.

"Ó dára gan-an, mà."

"A gbádùn ẹ̀, mà."

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Olùkọ́ wọn pàápàá, ẹni tí màmá lè bí ní àbíkẹ́yìn, wúkọ́ díẹ̀, ó ní ìtàn náà mọ́ tónítóní. Bí ẹni ń yin abọ́ tí wọ́n fọ̀!

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ fa ìtàn ọ̀rẹ́ yín ya bí àkísà. Tèmi wá di ẹyin tẹ́nì kan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn? Kì í ṣe ìkíni ni mo wá gbà níbí."

Ọmọbìnrin kan wà níkangun tábìlì, Adákẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí kì í la ẹnu àfi tí wọ́n bá là á fún un. Òun ló gbórí sókè.

"Ẹ má bínú, mà. Ìyá inú ìtàn yín, kò sọ̀rọ̀ rárá."

"Ó sọ̀rọ̀."

"Ẹ kọ ọ́ pé ó jẹ́wọ́ pé ebi ń pa òun. Ẹ tún ní ó sẹ́ kanlẹ̀ pé òun ò sunkún." Ó nàka sójú ìwé náà. "Mà, ta ló pè é lẹ́jọ́?"

Ẹ̀rín bú jáde, kálukú sì sáré fọwọ́ bo ẹnu. Màmá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú.

Lọ́sẹ̀ kejì, kò lọ sí kíláàsì. Ó ká gbogbo kọ́tìnnì ilé sílẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé wọ́n lù ọ́ ni?"

"Òótọ́ ni wọ́n sọ fún mi."

"Ha, ìyẹn le ju ẹgba lọ."

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún un pé ìyá òun gan-an ni ìyá inú ìtàn náà. Ìyá ọ̀hún ti kú nígbà tí òun ṣì kéré. "Bàbá wọn, mo rántí ọwọ́ màámi, mo rántí aṣọ ẹ̀. Mi ò rántí ohùn ẹ̀. Kí ni kí n fi sí i lẹ́nu?"

Bàbá di etí kọ́tìnnì kan mú, màmá di èkejì, wọ́n jọ fún un gbẹ. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n náà fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Ìdí ọkọ̀ ojú irin ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó, ohùn rẹ̀ ṣì ń dún bí ẹni ń ké sí èrò níkangun ibùdókọ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kì í sọ̀rọ̀ ìyá wọn rárá. Ẹyin ló ń dín ní ilé ìdáná nígbà tí àbúrò rẹ̀ wọlé.

"Bọ̀dá mi, kí ni màámi máa ń sọ?"

Ó yíjú sí i pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. "Kí ni kò máa ń sọ? Tó bá sọ kọ́kọ́rọ́ nù, kọ́kọ́rọ́ yẹn lá máa bá wí: 'Jáde síta o. Mo ti rí ẹ, àánú ẹ ló kàn ń ṣe mí.' Tó bá sáṣọ tójò sì ṣú, á gbójú sókè: 'O ò níṣẹ́ míì ni?' Ìwọ ńkọ́? Kì í pe orúkọ ẹ. 'Ẹlẹ́sẹ̀ tínrín mi dà?' ló máa ń wí."

"Èmi?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹsẹ̀ ẹ rí bí igi ìṣáná."

Ohùn ìyá wọn ló fi ń sọ ọ́. Ohùn ńlá tó ti ń lé èrò wọnú ọkọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ó rọ̀, ó di ti obìnrin. Màmá Kọ́ọ̀tù fọwọ́ ti ògiri. Ẹyin jóná, ó dúdú bí èédú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì, búrẹ́dì lásán ni wọ́n sì fi mu tíì.

"Mo rò pé o ò fẹ́ gbọ́ ni," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Èmi náà rò pé ẹ ò fẹ́ sọ ni."

Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó tún ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pín in ní kíláàsì, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín níbi tí ìyá ti ń bá kọ́kọ́rọ́ jà, wọ́n sì dákẹ́ níbi tó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Adákẹ́ ní, "Ojú ìwé kẹta ti gùn jù, mà." Kò sẹ́ni tó sáré fọwọ́ bo ẹnu mọ́. Inú màmá dùn bí ẹni pé wọ́n fi í joyè. Láti ìgbà náà, òun àti ọmọ yẹn ló ń ka iṣẹ́ ara wọn. Òun náà sì gbẹ̀san: "Látìgbà tí mo ti ń ka ìtàn ẹ, èèyàn kan ò tíì jẹun níbẹ̀. Ebi á pa wọ́n kú mọ́ ẹ lọ́wọ́ o."

Lópin ẹ̀kọ́ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ka díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sétí àwọn ẹbí nínú gbọ̀ngán kékeré kan. Ọkọ màmá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gba iwájú. Bí màmá ṣe dé ibi tí ìyá ti ń bá òjò wí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni!" Gbogbo gbọ̀ngán mì tìtì.

Màmá wò ó láti orí pèpéle. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n kà á tán ná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sì kà á tán.

Oyè ti bọ́ sí i lọ́wọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ìtàn ò dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò lè ṣe kó má tẹ̀ ẹ́ láago lópin ọ̀sẹ̀ pé òun tún ti rántí nǹkan kan, ọkọ rẹ̀ á sì máa mi orí nídìí ìwé ìròyìn.

"Irọ́ ni ìdajì ohun tí bàbá yẹn ń sọ," ó wí lọ́jọ́ kan.

"Mo mọ̀," ni màmá wí, ó sì fa àga sún mọ́ tábìlì. "Ẹ má sọ fún un. Irọ́ yẹn ló ń dùn jù."