Ẹ́ńjìnnì tí A Kò Yọ

Títí di òní, bí ọ̀dọ́ kan ládùúgbò wa ní Eneka, ní Port Harcourt, bá sọ pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ Jámánì kékeré, àwọn kan á ti máa dẹ́rù bà á: "Dat engine go finish you o!" Wọ́n á ní gbogbo owó tí ọkọ̀ náà bá pa, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni yóò parí sí. Bí mo bá wà níbẹ̀, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Mo mọ ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ pa láìṣẹ̀, èmi ni mo sì gbà á sílẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Dírẹ́fà ni ọkọ mi. Kò pẹ́ tí ìjọba alágbádá dé ni iléeṣẹ́ tó ń wakọ̀ fún dá a dúró, wọ́n fún un lówó díẹ̀ pé kó máa lọ. Ọkọ mi mórí lé Kútọnu, ó ra tókunbọ̀ Jámánì kékeré kan, dúdú, tí èèyàn lè fi ara rẹ̀ ṣe dígí. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn iléeṣẹ́ epo máa ń háyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù, tòun ti dírẹ́fà rẹ̀, láti fi gbé àwọn àlejò ńlá. Owó tí wọ́n ń san lé e lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ọkọ̀ Japan. Ṣùgbọ́n àdéhùn wọn le. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, wọn yóò sì dán an wò kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Bí ọkọ̀ bá kùnà, kò síṣẹ́, owó tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n dá a dúró sì ti wọlé sínú ọkọ̀ tán. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi nìkan ni yóò kù láti bọ́ gbogbo wa.

Ọjọ́ àyẹ̀wò kò jìnnà mọ́ nígbà tí ọkọ̀ náà gbóná mọ́ wa lọ́wọ́ ní Rumuomasi. Èéfín bò wá. Àwọn ọlọ́kadà ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Oga, your German don tire!" A tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, tí a jọ ń ṣe ìpàdé ọmọ ìlú. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tó ti dájọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yọ ẹ́ńjìnnì yìí dànù, ká fi ti Japan sí i. Na so everybody dey do am for Port Harcourt."

"Àdéhùn iléeṣẹ́ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Àǹtí, who go open bonnet dey check number?"

Ọkọ mi mi orí pé òun gbà. Ojú ń tì í, ó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán nílẹ̀ ni. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, obìnrin kì í já ọkọ rẹ̀ ní koro lójú àwùjọ. Mo pa ẹnu mọ́.

Mẹkáníìkì náà wá ṣí rédíétọ̀ láti fi hàn wá pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Omi tó tú jáde pupa bí epo. Mo mọ omi náà! Omi bóòhólù Port Harcourt ni, ìyẹn tó ti ba léèsì funfun jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Láti ìgbà náà, omi òjò nìkan ni mo fi ń rẹ aṣọ funfun.

"Omi tó ń sọ léèsì di pupa lẹ̀ ń fún irin mu?" Ẹnu mi ti là nìyẹn. Mo rí irin róbótó kan lórí tábìlì rẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

"Tẹmọsítáàtì ni, òun ló ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná. Mo ti yọ ọ́ látìgbà tí ọkọ̀ dé. Na because of cold oyinbo put am. Here, everywhere hot."

"Ẹni tó ṣe ọkọ̀ kò mọ̀ pé oòrùn wà láyé ni? Nídìí iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá tú ẹ̀rọ tó tò ó padà tí nǹkan ṣẹ́ kù sílẹ̀, a kì í pè é ní ọ̀gá."

Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Ojú ọkọ mi le koko. "Ìyá àwọn ọmọ, ó tó!"

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, nínú ọ́ìlì ilẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ má bínú, Dádì. Ẹ bá mi wí tí a bá délé. Ẹ má sáà jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́." Orúnkún mi wà nílẹ̀ o, ṣùgbọ́n mi ò yí ohùn padà. Ọkọ mi wá sọ fún mẹkáníìkì ọmọ ìlú wa pé kó dá gbogbo nǹkan padà síbi tó ti bá a. Wọ́n fọ rédíétọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́, wọ́n sì ra omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ dà sí i. Mẹkáníìkì náà fa ojú ro, àmọ́ nígbà tó gbà láti ṣe é, ó ṣe é dáadáa.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kò sẹ́ni tó pè mí, mo lọ. Mo dúró lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ epo náà. Ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò ń ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó sì ń wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì lóòótọ́. Gbogbo ọkọ̀ Jámánì tó ń fi ẹ́ńjìnnì Japan rìn ló lé padà. Nígbà tó kan tiwa, ó ní kí ọkọ mi tan ẹ̀rọ amúlétutù dé òpin, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró nínú oòrùn. Láti ibi tí mo wà, mi ò lè rí ọwọ́ inú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń sọ bó ṣe ń gbóná. Ojú ọkọ mi ni mo ń wò, mo sì ń gbàdúrà. Nígbà tó yá, ọ̀gá náà pa bónẹ́ẹ̀tì dé, ó fọwọ́ síwèé pé ọkọ̀ wa yege, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Who be your mechanic?"

"Na my wife," ni ọkọ mi dáhùn.

Àwọn dírẹ́fà yòókù rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. "I wan comot dis engine, na she no gree. She kneel down for engine oil beg me."

Mo sunkún lẹ́nu géètì náà. Ọkọ̀ yẹn ló rán àwọn ọmọ wa níléèwé, òun ló kọ́ ilé tí a ń gbé. Síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ yangàn, ọjọ́ yẹn ni mo fi ń yangàn. Ọkọ mi wakọ̀ jáde lọ́jọ́ náà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún ìyàwó àwọn ọ̀gá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún èmi, lójú gbogbo àwọn dírẹ́fà.

"Ọ̀gá mi, ó yá," ó wí.

Mo wọlé, mo jókòó síbi tí àwọn ọ̀gá máa ń jókòó sí, mo sì gbé orí sókè títí a fi délé.