Ìdò Pupa Tí Mo Yà Kí N Tó Fọ́jú

Fọlákẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ ná, kí n tó sọ ohun tójú mi rí. Nígbà tí a jọ wà ní Fọ́ọ̀mù Tuu, òun ló sọ fún tíṣà pé èmi kọ́ ni mo ya àwòrán òdòdó tí mo gbé wá, pé ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi yà á. Tíṣà fà á ya lójú gbogbo kíláàsì.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. A jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Aládé níbí. Kò mẹ́nu kàn án rí.

Lọ́dún yìí, dókítà ní ojú òsì mi ti lọ, pé ọ̀tún ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo bá ní kí n ya àwòrán kan sí i, kó ga dé àyà mi: òdòdó ìdò pupa inú ọgbà mi, tí ìyá ìyá mi gbé gbòǹgbò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè. Mo fẹ́ kí Fọlákẹ́ rí i pé ọwọ́ mi ni.

Ṣé ẹ rò pé ọ̀dà olómi rọrùn? Ibi tó bá máa funfun, bébà lásán lẹ máa fi sílẹ̀. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ṣèèṣì kàn án, ó tán. Ọyẹ́ sì ń gbẹ ọ̀dà kó tó dé etí ewé. Igi ìdò kan ṣoṣo ni mo jókòó tì fún ọjọ́ mẹ́fà. Bí òdòdó kan bá ṣe ń là ni mo ń yà á.

Ní Sátidé, mo lọ gba oògùn ojú l'Ákùúrẹ́. Kí n tó dé, wọ́n ti gé ìdò mi. Àwọn ìyá tó ń to òdòdó sórí pẹpẹ máa ń wá já a lọ́gbà mi; èmi náà ni mo fún wọn láyè. Ta ni olórí wọn? Fọlákẹ́. Mo bi í léèrè, ó ní ṣé Ọlọ́run ni mo wá ń fi òdòdó dù.

Lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè, mo tẹ́ bébà mi sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, mo kúnlẹ̀ tì í. Òdòdó ti rọ. Mo yà á bó ṣe rọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí ẹ má fi ọjọ́ ogbó yín dúró de ẹ̀rí lẹ́nu ẹni tó bà yín jẹ́. Ta ló fa iṣẹ́ tiyín ya? Ṣé ó ti bẹ̀ yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kó rí gàdàgbà, kí n lè rí i kà.

Ní ti Fọlákẹ́, ó wá wo àwòrán náà lánàá. Ó dúró tì í títí, ó nàka sí òdòdó tó rọ, ó wá yíjú sí mi: "Dúpẹ́, ó mà dára o. Ta ló bá ọ yà á?"