Mọ́tò Tó Ń Fi Ikùn Wọ́lẹ̀ ní Abúlé Òkúta

Àánú àwọn aládùúgbò ló mú Ọlọ́runṣògo Ikúmápàyí bínú ní ọdún 1957, kì í ṣe ìkà wọn. Ká ní ìkà ni, ì bá yé e. Ó ti ta àwọ̀n àti okùn ìpẹja fún ọdún mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìkòròdú, lápá Palmgrove, ó sì mọ bí a ṣe ń bá ìkà lò. Àmọ́ kí ènìyàn jókòó sínú mọ́tò ara rẹ̀, kí gbogbo Abúlé Òkúta máa kí i kú ìrọ́jú, èwo ni tibẹ̀?

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Ọmọ́wálé. Ọlọ́run á gbé e dìde o."

Mọ́tò ni wọ́n ní kí Ọlọ́run gbé dìde.

Ọ́sítìnì kékeré aláwọ̀ eérú ni, àlòkù, àmọ́ ara rẹ̀ le koko. Gígùn rẹ̀ pé, fífẹ̀ rẹ̀ pé. Gíga rẹ̀ nìkan ni kò pé, nítorí pé ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dín in kù. Ó wà á lọ bá Àlímì mẹkáníìkì ní Bàrígà, ó ní kó tú àwọn sípíríìnì abẹ́ rẹ̀, kó yọ díẹ̀ nínú àwọn ewé irin tí wọ́n tò léra wọn níbẹ̀, kó sì na èyí tó bá kù, títí mọ́tò yóò fi rẹlẹ̀ bí àpótí ìdáná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àlímì bi í.

"Ọ̀gá, ṣé kí n gbé e sókè ni àbí kí n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀?"

"Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

"Sílẹ̀ dé ibo?"

"Ilẹ̀ mélòó ló wà ní Bàrígà?"

Àlímì ṣe é, àmọ́ inú rẹ̀ kò dùn sí i. Nígbà tí wọ́n bá bi í pé ta ló ba mọ́tò Ikúmápàyí jẹ́ báyìí, ńṣe ló máa ń wá ohun tí yóò gbé nílẹ̀.

Ìyá Ọlọ́runṣògo ló fà á. Ìyá Beatrice, bí wọ́n ti ń pè é, tó ń ta ẹja yíyan, ṣubú lórí pákó létí ọ̀sà ní Bàrígà lọ́jọ́ kan tó ń gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Ó lo oṣù mẹ́rin nílé ìwòsàn ní Ìgbóbì. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó dìde, ó rìn, ó tiẹ̀ bá àwọn nọ́ọ̀sì jà lórí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù: ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gòkè mọ́. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Tó bá ti di pé kó gbé ẹsẹ̀ lé nǹkan, ẹsẹ̀ yóò dúró gbọingbọin bí òpó ilé. Ìyá sì kúrú. Ìjókòó mọ́tò tí kò rẹlẹ̀ ga jù fún un láti fìdí lé. Àmọ́ nínú Ọ́sítìnì tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀, yóò kẹ́yìn sí ìjókòó, yóò jókòó jẹ́jẹ́, yóò fa ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé tẹ̀lé ara, yóò tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá ń wò ó yóò rò pé fáàrí ni.

Ìyá kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

"Ọma mi," ó sọ fún Ọlọ́runṣògo, torí Ìlàjẹ ni wọ́n ń sọ nínú ilé, kò sì jẹ́ fi ọma sílẹ̀ kódà tó bá ń sọ èdè Èkó, "ọjọ́ tí mo bá gbọ́ lẹ́nu ènìyàn kan ní àdúgbò yìí pé mo yarọ, ọjọ́ náà ni mo wọ ọkọ̀ padà sílé létí òkun. Má sì rò pé mò ń ṣeré."

Ọlọ́runṣògo mọ̀ pé kì í ṣeré. Létí òkun níbẹ̀, kò sí dókítà kan nítòsí tí yóò máa yẹ egungun wò lóṣooṣù bí wọ́n ti ń ṣe ní Ìgbóbì. Ló bá pa ẹnu mọ́. Folúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀, òun náà pa ẹnu mọ́.

Ká sòótọ́, mọ́tò ọ̀hún kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ìrọ̀rùn wà. Wọn kò ṣèèṣì pe ibẹ̀ ní Abúlé Òkúta. Ọlọ́runṣògo mọ òkúta kọ̀ọ̀kan láti ilé rẹ̀ dé títì bí ẹni mọ àna rẹ̀: èyí tí a ń yà fún lọ́wọ́ òsì, èyí tí a ń rọra gùn kọjá, èyí tó ti gba páìpù èéfín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá dé gọ́tà, yóò dúró, yóò bọ́ sílẹ̀, yóò tẹ́ pákó méjì, yóò wà á kọjá, yóò tún padà lọ kó pákó. Folúkẹ́ á ti bọ́ sílẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, á máa fẹsẹ̀ rìn lọ tòun ti báàgì lọ́wọ́. Ewúrẹ́ tó bá sùn lójú ọ̀nà kò ní dìde fún un, torí ojú kan náà ni òun àti mọ́tò jọ wà. Tí òjò bá rọ̀, omi á kọ́kọ́ wọlé kó tó béèrè.

Àwọn ọlọ́pàá pàápàá kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan dá a dúró nítòsí Palmgrove.

"Kí lo kó?"

"Kò sí, sà. Èmi nìkan ni."

"Ìwọ nìkan, mọ́tò wá lọ sílẹ̀ báyìí? Ṣí ẹ̀yìn rẹ̀."

Pákó méjì àti ọkọ́ kan ló wà níbẹ̀.

"Kí lò ń fi ọkọ́ ṣe?"

"Mo fi ń tún ọ̀nà ṣe kí n tó gbà á ni, sà."

Ọlọ́pàá ní kó bọ́ sílẹ̀, kí òun wò ó bóyá mọ́tò yóò gbéra. Ó bọ́ sílẹ̀. Mọ́tò kò gbéra. Ọlọ́pàá wo Ọlọ́runṣògo láti òkè délẹ̀, bí ẹni pé ara rẹ̀ ló gbé ẹrù náà pamọ́ sí.

Gbogbo èyí ló gbà mọ́ra. Bàbá Kàsúmù ni kò lè gbà mọ́ra. Ará Abẹ́òkúta ni Bàbá Kàsúmù, òun ni àgbà àdúgbò, ó sì ní lọ́rì mẹ́ta. Ó wá kí Ọlọ́runṣògo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ọlọ́runṣògo, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

"Bí o ṣe fẹ́ ẹ." Bàbá mi orí síwá-sẹ́yìn. "Ó yé mi. Ọkùnrin ni ọ́. Kò yẹ kí ọkùnrin máa sọ gbogbo nǹkan síta."

Ó sì lọ. Ohun tó lọ sọ fún àwọn ará ilé yòókù ni pé nǹkan ti le fún ọmọ Ikúmápàyí, pé kò rí sípíríìnì rà, pé ojú ń tì í láti béèrè, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bi í mọ́, kí àwọn kàn ṣe é fún un. Bí Yorùbá tó ní ìwà ṣe ń ṣe oore nìyẹn: wọn kì í bi ẹni tí ojú ń tì.

Ìyá Beatrice ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò ṣe ìdúpẹ́ ní Sunday kìíní oṣù October, pé òun yóò bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, òun yóò sì fi ẹsẹ̀ ara òun rìn dé iwájú pẹpẹ láìfara ti ẹnikẹ́ni, kí gbogbo àwọn tó ti ń pín ìsọ̀ ẹja òun mọ́ra wọn lọ́wọ́ rí i. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Bàrígà kò ní àtẹ̀gùn. Ká ṣáà ti gbé e débẹ̀ láìsí ariwo, ó parí.

Ní Friday, òkúta kan tún fa páìpù èéfín já. Ọlọ́runṣògo wa mọ́tò lọ bá Àlímì pẹ̀lú ariwo bíi ti ogun, ó ní kó jó o pọ̀, kó gbé mọ́tò wá sílé láàárọ̀ Sunday kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù.

Àárọ̀ Sunday, fèrè mọ́tò dún. Ọlọ́runṣògo jáde nínú agbádá tuntun, ó rí èrò níwájú ilé, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọ́sítìnì dúró láàárín wọn. Sípíríìnì lọ́rì ni wọ́n fi sí i. Ó ga débi pé adìyẹ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìtẹ orí ba, Àlímì sì bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí igi máńgòrò.

Bàbá Kàsúmù na ọwọ́ sókè. "Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúpẹ́. Lára lọ́rì mi ni mo ti yọ ọ́. Ayé kò níí rẹ̀ ọ́ sílẹ̀ mọ́, ọmọ mi."

"Àmín!" ni gbogbo wọn wí.

Kí ni ènìyàn ń ṣe? Àgbà ṣe ọ́ lóore ní gbangba, láàárọ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́ ìyá rẹ. Ọlọ́runṣògo dọ̀bálẹ̀ tòun ti agbádá, ó sì wa eyín pọ̀.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Bí ẹ ti ṣe é fún mi yìí, kí Ọlọ́run ṣe é fún ẹ̀yin náà gẹ́lẹ́."

"Àmín o!"

Ó dìde, ó fa Àlímì sẹ́yìn ilé. "Ta ló ní kí o fọwọ́ kan sípíríìnì?"

"Ọ̀gá, Bàbá ní ẹ ti mọ̀, pé ojú ló ń tì yín. Èmi náà, ká sòótọ́, ojú ti ń tì mí tipẹ́."

Nígbà tí wọ́n fi padà síwájú ilé, Ìyá Beatrice ti jáde nínú aṣọ àrán, ó rọra ń tẹlẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ó dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ó dúró, ó wò ó sókè.

"Ìyá, ẹ gòkè!" ni Bàbá Kàsúmù wí. "Rọ̀kíbátù, gbé àpótí wá kí Ìyá fi gun mọ́tò."

Rọ̀kíbátù ọmọ rẹ̀ gbé àpótí wá. Ìyá wo àpótí. Ó kẹ́yìn sí mọ́tò, ìjókòó bá a ní ẹ̀yìn. Ó kọjú sí i, ó di ilẹ̀kùn mú, gbogbo ojú sì wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kò gbéra. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́nu àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màámi gbàgbé Bíbélì wọn ni," Folúkẹ́ yára wí. "Ẹ jẹ́ ká padà wọlé, Màámi."

"Bíbélì mi nìyí lábíyá mi. Ẹ má purọ́ lórí mi lọ́jọ́ ìdúpẹ́." Ìyá yíjú padà sí èrò, inú bí i débi pé gèlè rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kì í gòkè! Ọma mi ló rẹ mọ́tò sílẹ̀ kí n lè rí i wọ̀, ẹ sì fi ṣẹlẹ́yà títí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ̀sín tó, ẹ wá gbé e lọ sókè ọ̀run. Ó dáa. Ta ló fẹ́ pè mí ní arọ? Kó jáde síwájú kó pè é. Mo ti múra ìrìn àjò tẹ́lẹ̀."

Kò sẹ́ni tó jáde.

"Ṣùgbọ́n Ìyá," Bàbá Kàsúmù wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ṣé ẹ bi wá ni? Àdúrà ni ẹ̀ ń gbà lé wa lórí."

Àwọn ọkùnrin kan ní káwọn gbé e wọ mọ́tò. Ó ní ta ni wọ́n fẹ́ gbé bí àpò gààrí lọ síwájú Ọlọ́run? Ó ní kí wọ́n gbé àga wá, ó jókòó sójú kan, ó ní òun kò níí kúrò níbẹ̀ àfi tí mọ́tò bá sọ̀ kalẹ̀ wá bá òun. Bàbá Kàsúmù ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ di jáàkì mú fún Àlímì. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, ó dákẹ́, wọ́n ṣì ń tú irin.

Ìwàásù ti parí nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ìyá Beatrice kò bìkítà. Ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, kò fara ti ẹnikẹ́ni, ó sì dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa. Kò tún sọ̀rọ̀ etí òkun mọ́.

Láàárọ̀ Monday, kí Ọlọ́runṣògo tó lọ ṣí ìsọ̀, Bàbá Kàsúmù tún wá. Ó jókòó, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Rọ̀kíbátù ni. Orúnkún rẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan o. Àmọ́ tó o bá ń lọ sí apá Ìgbóbì... Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Kí oṣù náà tó parí, orúnkún márùn-ún àti ìbàdí méjì ló wà lọ́wọ́ Ọlọ́runṣògo, gbogbo wọn sì jẹ́ àṣírí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bi í pé kí ló dé tó jẹ́ àwọn ìyá arúgbó nìkan ló ń gbé. Ó ń wa mọ́tò lọ, ojú rẹ̀ le kankan, ìyá mẹ́ta jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé ti òun kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ o, afẹ́fẹ́ lásán ni òun ní kí òun wá gbà.