Ọjọ́ Tí Mo Fi Èdè Jámánì Bínú

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé ó ti pẹ́, kí olúwa rẹ̀ kọ́kọ́ lọ fi ọdún mẹ́ta kọ́ èdè tí kò béèrè fún ná.

Òfin ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Èdè Jámánì ni yunifásítì fún mi. Lọ́dún kìíní, ẹkún ni mo fi ń kọ́ ọ. Àwọn ará àdúgbò wa ní Ìkòròdú a máa bi mí bóyá ọkọ̀ àlòkù ni mo fẹ́ lọ máa kó wọ̀lú. Dádì mi ò bi mí ní nǹkan kan. Ọmọ bíbí ìlú ni wọ́n, wọ́n wà lára àwọn tó ń ṣe Orò, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè jáde lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún kejì, èdè náà wọ̀ mí lára. Mò ń bá ìkòkò ọbẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí a dé ọdún kẹta, ìwé mi ni àwọn yòókù ń wò kọ.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo nínú wa máa lọ lo oṣù mẹ́fà ní Jámánì. Òyìnbó obìnrin kan ń bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀ lójúkojú, lọ́jọ́rú, láago mẹ́wàá àárọ̀. Gbogbo kíláàsì ló ti gbà pé èmi ni. Èmi náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wá sílé láti ọgbà yunifásítì kí n lè mú ṣáàtì funfun mi. Bí mo ṣe ń gba Gáréèjì kọjá, mo ti ki okùn fóònù mi bọ etí méjèèjì, nínú ẹ̀kọ́ tí mo ń gbọ́, obìnrin kan ń fi èdè Jámánì ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, èmi náà ń dá a lóhùn. Wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ògiri, n kò wò ó. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà.

Mo délé, Mọ́mì ò sí.

"Mọ́mì ẹ ti lọ sí Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀," ni Dádì wí.

N kò béèrè ìdí. Ìṣojú wọn ni mo ti lọ ṣáàtì náà. Mo sọ fún wọn pé mo ní ìdánwò ńlá lọ́la. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á ṣe é o," wọ́n sì padà sídìí rédíò wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wọ bàtà tán kí n tó rí Dádì lẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ìdánwò tí mo sọ lánàá ni, sà."

"Orò wà níta lónìí. Obìnrin ò gbọdọ̀ jáde títí di ìrọ̀lẹ́."

"Dádì, ẹ rí mi lánàá! Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé o mọ̀ ni."

Mo rò pé o mọ̀ ni! Ohun tí wọ́n ti kéde fún gbogbo ìlú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí Mọ́mì tìtorí ẹ̀ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún wa mọ̀, òun ni bàbá mi ń pa mọ́ fún mi bí ẹni pa awo mọ́. Wọn ò gbọdọ̀ tú àṣírí Orò fún obìnrin, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe é kì í ṣe awo. Ara ògiri ló wà ní Gáréèjì!

Mo pe olùkọ́ wa lórí fóònù. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbé fóònù fún òyìnbó náà. Obìnrin náà fi èdè Jámánì bi mí pé kí ló dé tí n kò wá.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì àti bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ pé n kò lè jáde nílé wa nítorí pé obìnrin ni mí. Mo kólòlò títí. Ìgbà tó yá, ìbínú gbà á lẹ́nu mi. Mo sọ ti ṣáàtì, mo sọ ti Ẹ̀pẹ́, mo sọ ti rédíò. N kò wá ọ̀rọ̀ kankan tì.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní òun ò tíì gbọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ Jámánì dáadáa tó báyìí látìgbà tí òun ti dé Nàìjíríà. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn bá fojú rí nìkan ni òfin gbà fún àwọn, ọ̀sán yẹn ni òun sì ń padà. Ẹni tó máa ń wo ìwé mi kọ jù ni wọ́n mú lọ.

Mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Àṣé Dádì wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn ò gbọ́ Jámánì, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ "Orò" nínú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. N kò rí i kí ẹ̀rù bà wọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

"Kí lo sọ fún òyìnbó yẹn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bọ́ bàtà mi.

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni, sà."