Wọ́n Fi Ìkúnlẹ̀ Ọláwùnmí Kọ́ Pápá Ìṣeré

Ọláwùnmí kì í ṣe ẹni tí ẹ máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò. Nọ́ọ̀sì ni, ní Morrow, lápá gúúsù Atlanta, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti dé Amẹ́ríkà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ tíṣà ilé ìwé Onítẹ̀bọmi, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré rárá. Bí ọmọ rẹ̀ bá kí àgbà ní ìdúró, kò ní pariwo. Á kàn máa wò ó títí orúnkún ọmọ náà á fi yẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn bá Ọláwùnmí wọ bàálù, ó sì bá a sọ̀ kalẹ̀ ní Atlanta. Títí di òní, tó bá fẹ́ kí àwọn arúgbó tó ń tọ́jú, orúnkún rẹ̀ á ti tẹ̀ kó tó la ẹnu. Àwọn náà ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Wọ́n gbà pé bí àwọn ará Nàìjíríà ṣe ń sọ pé ẹ káàárọ̀ nìyẹn, ó sì máa ń dùn mọ́ wọn.

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ellery ló ń gbé, téèyàn bá kọjá Morrow díẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni ọkọ rẹ̀, Adégbóyèga, ń wà káàkiri Amẹ́ríkà kí rọpárọsẹ̀ tó kọlù ú. Apá ọ̀tún kò gbọ́ràn mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì wá ń jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Dókítà ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Àwọn oníṣọ́ránsì tó ń san owó ìtọ́jú rẹ̀ ní ibi tí àwọn lè bá wọn dé nìyẹn. Ibì kan ṣoṣo ló wá kù, ìyẹn ilé àwọn àgbà tí ìjọba ìlú Ellery kọ́ fún àwọn arúgbó, tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan tí omi rẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lórí ilẹ̀, Adégbóyèga kò lè gbé ẹsẹ̀ kan. Nínú omi yẹn, ó ń rìn. Á di irin ẹ̀gbẹ́ adágún mú, á máa tẹ̀ é díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé òdìkejì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, Ọláwùnmí jókòó sétí omi, ó bú sẹ́kún. Miss Lorraine, ìyá arúgbó kan, ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀, tó ń na ara nínú omi náà, ló fún un ní táwẹ̀lì pé kó fi nu ojú. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Omi yẹn ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan wà ní Ellery, Foxes ni wọ́n ń pè wọ́n. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tí aráyé ń tìtorí rẹ̀ pa iṣẹ́ tì, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú fẹ́ràn wọn. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà, ọ̀gbẹ́ni Tolliver, bàbá onírun funfun tó lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, dìde lọ́jọ́ kan, ó ní pápá tí àwọn ń lò ti gbó, kí ìjọba ìlú fi ọgọ́ta mílíọ̀nù dọ́là kọ́ òmíràn fún òun. Tí wọn ò bá kọ́ ọ, ó ní òun á kó àwọn Foxes lọ sí Tennessee, pé wọ́n ti ń retí òun níbẹ̀. Ẹ bá mi gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ayálégbé ló ní kí onílé fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé tuntun fún òun, kí òun wá máa gbowó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ onílé nígbàkígbà tó bá fẹ́ wọlé. Tí onílé bá kọ̀, ó ní òun ń bínú lọ. Nílé wa, ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á bá a di ẹrù ni. Ní Ellery, ìpàdé ni wọ́n pè.

Àwọn kánsẹ́lọ̀ ní owó ìlú kò lè gbé nǹkan méjì. Nítorí náà, àwọn á ti ilé àwọn àgbà, àwọn á wó o, ilẹ̀ rẹ̀ á di ibi ìgbọ́kọ̀sí fún àwọn tó bá wá wo bọ́ọ̀lù. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, irú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń tu àwọn arúgbó nínú. Wọ́n ní tí owó bá ti ń wọlé láti pápá tuntun, àwọn á kọ́ ilé àgbà mìíràn tó máa dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn arúgbó bi wọ́n pé ìgbà wo. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún lẹ ní kó lọ dúró de èrè bọ́ọ̀lù.

Lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, ibi iṣẹ́ ni Ọláwùnmí ti lọ tààrà, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún wọn ohun tí omi yẹn ń ṣe fún ọkọ rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni ọ̀gbẹ́ni Tolliver, tó dúró tó ń bọ gbogbo ẹni tó ń wọlé lọ́wọ́. Ọláwùnmí kò mọ̀ ọ́n rí. Orí funfun ló rí. Bàbá náà na ọwọ́ sí i, ó kí i káalẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, orúnkún Ọláwùnmí sì ti kan ilẹ̀ kó tó rántí ibi tó wà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Good evening, sir." Iná kámẹ́rà kọ mànà. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó wọlé lọ jókòó. Àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ kò kàn án lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí fóònù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Díákónẹ́ẹ̀sì Bridget, àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ló kọ́kọ́ pè.

"Sister Ọláwùnmí, congratulations o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ báyìí on Jonesboro Road. Favour lèyí, kì í ṣe kékeré."

"Ẹ rí mi bí i ti báwo, ma? Ibi iṣẹ́ ni mo wà."

"On the billboard now. Ìwọ àti bàbá olówó yẹn. Bá wa gba ticket lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn youth wa fẹ́ lọ wo match."

Nígbà tó ṣíwọ́, Ọláwùnmí wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Òun náà ló wà lókè yẹn, ó ga ju ilé lọ, nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ bàbá náà láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà pé àwọn ará Ellery ń bẹ̀bẹ̀, ẹ má jẹ́ kí Foxes fi wá sílẹ̀. Ó pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Inú bí i débi pé omijé kọ̀, kò wá. Wọ́n gbé ìkíni rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀bẹ̀, ohun tí wọ́n sì ní ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n wá gba omi lábẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀.

Hephzibah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Duluth, wá sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́, ohùn kì í gòkè, kì í sì í sọ̀.

"Mummy, kí ló dé tẹ́ ẹ kneel fún that man? Everybody ní office mi ti rí i."

"Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo kí i ni. Àgbàlagbà ni."

"They don't know that. Ní ibí, tí ẹ bá kneel, ẹ ń beg ni. Àbí ẹ fẹ́ propose."

"Tí wọn ò bá mọ̀, kí wọ́n bi mí. Ṣé wọn ò lẹ́nu ni?"

Ọmọ náà pe ọ́fíìsì àwọn Foxes, ó ní kí wọ́n sọ fọ́tò ìyá òun kalẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù fi ohùn dídùn dá a lóhùn pé àkíyèsí wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, pé ẹni tó bá ti wọlé ti gbà kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Ó tún ní kó bá òun kí màmá, pé fọ́tò náà wọ gbogbo wọn lọ́kàn. Hephzibah ju fóònù sórí àga. Ẹ ò rí i pé ìwà ọ̀dájú pọ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́nu dídùn.

Èyí tó dùn ún jù ṣẹlẹ̀ nílé àwọn àgbà. Ó mú Adégbóyèga lọ sínú omi bó ti máa ń ṣe, ó sì yà sọ́dọ̀ Miss Lorraine láti kí i. Ó ti ń tẹ orúnkún nígbà tí ìyá arúgbó náà gbé ọwọ́ sókè.

"Dìde," ó ní. "Kúnlẹ̀kúnlẹ̀ rẹ ti tó, ọmọ mi. Mo ti rí i lójú títì."

Ọláwùnmí fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Miss Lorraine ti mú táwẹ̀lì rẹ̀, ó ti ń lọ sápá ibòmíràn. Àwọn yòókù ń wo Adégbóyèga bí ẹni wo olè. Ọkùnrin náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣì ń juwọ́ òsì sí wọn nínú omi, wọn ò dáhùn. Ikú yá jẹ̀sín, àwọn àgbà wa ló sọ bẹ́ẹ̀, Ọláwùnmí sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó dé ọjọ́ tí wọ́n máa dìbò. Àwọn arúgbó ti wà ní ìjókòó iwájú pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Ìró àti bùbá tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Ọláwùnmí wọ̀, kò sì sí ẹni tó dá a mọ̀ nínú àwọn kánsẹ́lọ̀. Hephzibah ti bàbá rẹ̀ wọlé lórí àga onítáyà. Kánsẹ́lọ̀ kan dìde, ó ní kí wọ́n tan fọ́tò náà sára ògiri, ó fọwọ́ sáyà.

"Ẹ wo ìyá yìí," ó ní. "Nọ́ọ̀sì ni. Ẹ wò ó bó ṣe rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ nítorí ẹgbẹ́ wa. Ta ni èmi tí mo máa sọ fún un pé rárá?"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kan Ọláwùnmí, ó lọ dúró nídìí makirofóònù. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, kò yára, kò sì gbọ̀n.

"Èmi ni ìyá tó wà lára ògiri yẹn," ó ní. "Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Bàbá àgbàlagbà ni mo rí, mo sì kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ bá mi bẹ ẹ̀bẹ̀ tí mi ò bẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀ yín báyìí. Ọkọ mi nìyí. Inú omi yín nìkan ló ti ń rìn. Ẹ fi omi náà sílẹ̀ fún un, àti fún àwọn arúgbó tó jókòó yìí. Alàgbà kánsẹ́lọ̀, ẹ ní ẹ ò lè sọ fún mi pé rárá."

Miss Lorraine yíjú wò ó, ó ń wò ó títí. Kánsẹ́lọ̀ ọ̀hún tẹjú mọ́ ìwé iwájú rẹ̀, kò sì gbójú sókè mọ́.

Wọ́n dìbò. Ìbò ẹyọ kan péré ni pápá fi wọlé, ìbò kánsẹ́lọ̀ yẹn náà sì wà níbẹ̀. Obìnrin tó wà lára ògiri ni kò lè sọ fún pé rárá. Èyí tó dúró níwájú rẹ̀, ó sọ fún un wẹ́rẹ́. Ọgọ́ta mílíọ̀nù dọ́là. Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ àti alẹ́ ni wọ́n ti máa gbà á, àti láti ọ̀dọ̀ arúgbó tó ń san owó orí ilé tó ti sùn sí láti ìgbà èwe. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n ní Ellery, ìlú ló bá a ru ú.

Bí àwọn èèyàn ṣe ń tú ká, ọ̀gbẹ́ni Tolliver wá bá wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà ń tẹ̀ lé e. Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì méjì jáde, ó ní ẹ̀bùn òun nìyí fún màmá àti ọkọ wọn, pé àyè wà fún àga onítáyà ní pápá tuntun, wọ́n á máa rí bọ́ọ̀lù dáadáa. Ó na ọwọ́ kejì sí Ọláwùnmí pé kó bọ òun lọ́wọ́.

Orí funfun kan náà nìyẹn. Ọláwùnmí mọ̀ ọ́n lára pé orúnkún òun fẹ́ yẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tó ti wọ egungun kì í jáde lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó di ẹ̀yìn àga ọkọ rẹ̀ mú gírí. Ó dúró gbọnin, ó wo bàbá náà lójú. Ó dùn ún pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà, ó sì tún bí i nínú pé àgbà ló sún un dé ibẹ̀.

"Ní ilé wa, sir," ó ní, "tí obìnrin bá kúnlẹ̀ fún àgbà, àgbà náà á ṣàdúrà fún un kó tó dìde. Ì báà jẹ́ tálákà tí kò ní kọ́bọ̀, á ní kí Ọlọ́run gbọ́ tirẹ̀, kí Ó wo aláìsàn rẹ̀ sàn. Mo kúnlẹ̀ fún yín lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ ò bi mí lórúkọ, ẹ ò bi mí léèrè ohun tó ń ṣe mí. Fọ́tò lẹ yà. Mi ò fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Àdúrà mi dà, sir?"

Bàbá náà wo tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ọmọ tó gbé kámẹ́rà. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì náà sápò, ó jáde lọ.