Ẹni Tó Bá Pín Ní Í Mú Kẹ́yìn

Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkàrẹ́, kò sì sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dẹ́rù bà mí. Nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi àgbà, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ka ìwé tó kọ sí gbogbo ẹbí lórí ilẹ̀ bàbá wa tó ti dolóògbé, tó ní kí a "apportion" rẹ̀ láàárín àwa ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ara fu mí. Mo rò pé ó fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ́ wa jẹ ni.

Ìyàwó méjì ni bàbá wa fẹ́. Ìyálé bí márùn-ún, màámi bí èmi nìkan, àbígbẹ̀yìn. Ní Ọ̀kà ni ilẹ̀ náà wà, lẹ́bàá òkè àpáta. Ìsàlẹ̀ omi, létí odò, ló lọ́ràá jù níbẹ̀, ibẹ̀ ni màámi sì ti ń gbin iṣu láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Òun ló ń jẹ, òun ló ń tà. Bí ẹlòmíì bá mú ibẹ̀, kí ni ìyá mi fẹ́ máa jẹ?

Bàbá kékeré, àbúrò bàbá wa, ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mo dìde, mo tún gèlè mi ṣe. Mo ní kì í ṣe pípín lásán. Ẹni tó gé nǹkan sọ́tùn-ún sósì ti pín in. Èyí ní kí a wo olúkúlùkù, kí a wọn ohun tó tọ́ sí i fún un. Adájọ́ ń lò ó, ìjọba ń lò ó, kódà a lè lò ó fún ẹ̀bi, pé èwo ni tèmi, èwo ni tìrẹ.

Bàbá kékeré rẹ́rìn-ín. "Ṣé gbogbo wàhálà òyìnbó náà nìyẹn? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, ìwọ lo sì kéré jù. Lọ pín in."

Háà! Ẹnu mi kó bá mi. Nílé wa, àbúrò ní í pín nǹkan, àgbà ní í kọ́kọ́ mú, ẹni tó pín á sì mú èyí tó bá ṣẹ́kù. Ẹran inú ọbẹ̀ ni màámi fi kọ́ wa. Àìsàn dá ìyálé rẹ̀ dùbúlẹ̀ fún ọdún púpọ̀, màámi ló ń bọ́ àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí mo bá gé ẹran kan tó tóbi, ẹlòmíì á gbé e lọ lójú mi. Mo lè sunkún títí, màámi ò ní wo apá ibi tí mo wà.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú okùn àti èèkàn lọ sóko. Kí n má purọ́, ó wá sí mi lọ́kàn kí n gé ìsàlẹ̀ omi ní bíńtín, kí n fi ibi olókùúta kún un, kó má baà wu ẹnikẹ́ni. Màámi dúró láàárín ebè rẹ̀, ó ń wò mí.

"Mo mọ ohun tí ò ń rò," ó ní. "Pín in dáadáa. N ò tọ́ ẹ láti rẹ́ni jẹ."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju okùn nù. Ṣùgbọ́n mo wọ̀n ọ́n. Ibi tí ilẹ̀ ti le, mo fẹ̀ ẹ́. Ibi tó ti lọ́ràá, mo dín in kù. Síbẹ̀, ìsàlẹ̀ omi ni ojú gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ lọ.

Ó wá kan mímú, gbogbo wa péjọ sóko. Bọ̀ọ̀dá mi àgbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ omi tààrà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó fọwọ́ rà á. Mo ní ó tán. Ó gbọn ọwọ́, ó gòkè padà, ó lọ mú ìpín tó wà lẹ́bàá àpáta. Ẹni tó tẹ̀ lé e kọjá níbẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, bákan náà. Ó wá ku ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó ku ìpín méjì: ìsàlẹ̀ omi, àti ibi olókùúta. Ó mú ibi olókùúta.

Mo la ẹnu sílẹ̀. Ó ní, "Kí lò ń wò? Ṣé kì í ṣe ẹni tó pín ní í mú kẹ́yìn ni?"

Orí mi wú. Ìyá tó bí mi ò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn èèyàn tó fi ìkòkò ọbẹ̀ kọ́! Omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò nù ún. Màámi wa iṣu mẹ́fà nínú ebè rẹ̀, ó kó wọn síwájú mi, ó ní kí n pín in.