Ooru Inú Pálọ̀ Wa

Ọmọ ọmọ mi, kọ́kọ́ bá mi bẹ àwọn tó máa ka ohun tí ò ń kọ yìí. Orí mi ò mú nǹkan dání mọ́ bíi tàtijọ́. Mo lè fi èyí tó kẹ́yìn síwájú, mo sì lè gbàgbé èyí tó wà láàárín. Tí mo bá ṣì í, o wà níbẹ̀ nígbà tí apá kan nínú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, bá mi tún un ṣe. Èmi ò kàwé, o mọ̀. Mi ò sì kí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ti ọ̀tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kó wà nínú ìwé.

Òtútù ọdún yìí ni mo fẹ́ sọ, ìgbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já lára igi, tí òjò ò jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ. Ẹni tó bá ń gbé Thamesmead, ní ìlú òyìnbó níbí, mọ atẹ́gùn tó ń bọ̀ látorí odò tó wà lẹ́bàá wa. Apá Crossness, níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí ìlú, ló máa ń gbà wá, nígbà míì á tiẹ̀ gbé òórùn dání, á wá máa wá ihò kiri lára fèrèsé. Fúláàtì wa, kọnkéré ni gbogbo ẹ̀. Tí òtútù bá ti wọ inú kọnkéré, ó di àlejò tí ò rántí ilé mọ́.

Èmi àti màmá ẹ àgbà ti fẹnu kò pé pálọ̀ nìkan la máa tan híìtà sí. Gáàsì ti wọ́n jù. A gbé bẹ́ẹ̀dì wá sí pálọ̀, a ti ilẹ̀kùn yàrá pa. Nígbà tá a gbé bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀ tán, màmá àgbà dúró, ó wò yíká.

Ó ní, "A ti padà sí yàrá kan tá a gbà ní Muṣin nìyẹn, nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra."

Mo ní, "Ti Muṣin ò ní híìtà."

Ó ní, "Kí ló fẹ́ fi híìtà ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé ẹní síta nítorí ooru."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà òtútù tó kọjá, ikọ́ mú màmá àgbà títí àyà ẹ̀ fi dí, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ìgbà tó jáde ni màmá ẹ, ọmọ wa, sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Ó ní, "Dádì, tí ikọ́ yìí bá tún fi lè bẹ̀rẹ̀, mò ń gbé Mọ́mì lọ sọ́dọ̀ mi ní Belvedere títí òtútù á fi lọ. Ẹ má bínú o, ilé mi ò gba ẹ̀yin méjèèjì."

Kò parọ́. Yàrá tìẹ ni wọn ì bá fi í sí, ibẹ̀ ò gba ẹlòmíì. Nọ́ọ̀sì ni màmá ẹ, ó mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n látìgbà tí màmá àgbà ti wá bá mi ní ìlú yìí, tí mò ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Woolwich, a ò sun ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí, àfi ìgbà ọsibítù yẹn. Nígbà yẹn, mi ò tan iná pálọ̀. Kíṣìnì ni mo máa ń jókòó sí, màá máa wo kẹ́tùlù tíì. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́.

Màmá àgbà ló wá mú ìmọ̀ràn fẹ́lóṣíìpù wá. Ilé dé ilé ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ti máa ń ṣe é, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó ní ká sọ fún wọn kí wọ́n máa wá sílé wa títí òtútù á fi lọ. Ó ní bí èèyàn bá kún pálọ̀, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ń jó, ilé á gbóná fúnra ẹ̀.

Mo ní, "Ṣé torí Ọlọ́run ni àbí torí híìtà?"

Ó ní, "Ọlọ́run náà mọ iye tí wọ́n ń ta gáàsì."

Wọ́n sì ń wá lóòótọ́. Àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, àwọn tó ń tajà. Wọ́n á kó kóòtù wọn jọ sórí bẹ́ẹ̀dì wa bí òkè. Màmá àgbà á ti gbé ẹ̀wà kaná láti ọ̀sán, á ṣí ìkòkò sílẹ̀ kí ooru ẹ̀ lè máa wọ pálọ̀ wá. Tí wọ́n bá jó tán, tí wọ́n jẹun tán, híìtà á ti kú tipẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Gíláàsì fèrèsé á máa làágùn, omi á máa ṣàn wálẹ̀. Èmi rò pé ìbùkún ni.

Má rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Kékeré ló kọ́kọ́ jẹ́. Màmá àgbà ò fẹ́ kí màmá ẹ mọ̀. Tí màmá ẹ bá pè lórí fóònù, tí ikọ́ bá ti fẹ́ gbé e, á yára na fóònù sí mi, á ní, "Ẹ gbà, ẹ bá a sọ̀rọ̀." Èmi! Màá ní òjò ń rọ̀. Màá ní bọ́ọ̀sì pẹ́ kó tó dé. Màá tún ní òjò ń rọ̀.

Ìgbà tó yá, màmá ẹ ní, "Dádì, ìgbà wo lẹ ti ń sọ̀rọ̀ tó báyìí? Ẹ gbé Mọ́mì fún mi." Mo gbé e fún un. Màmá àgbà ní kóun kí i, ikọ́ ló jáde. Mo gbọ́ ohùn màmá ẹ níbi tí mo jókòó sí. "Ó tán. Lọ́jọ́ Sunday, tá a bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń gbé mọ́tò bọ̀. Ẹ bá mi di ẹrù yín."

Mo gbé báàgì sọ̀kalẹ̀ lórí wọ́dúróòbù. Mo ká ìró kan sínú ẹ̀. Ọwọ́ mi ò lè mú ìkejì.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, fẹ́lóṣíìpù tún pé. Sístà kan wà láàárín wọn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ẹni tí ohùn ẹ̀ ń dé ìsàlẹ̀ ilé. Iṣẹ́ kéárà ló ń ṣe, ilé àwọn arúgbó ló ń wọ̀ láàárọ̀ títí di alẹ́. Ó fẹ́ kí ààyè wà fún ijó, ó bá fa àga mi kúrò lára ògiri. Ó tẹ̀ ba. Ó gbóòórùn.

Ó pariwo, "Yéè! Mọ́mì, ògiri yín ti bu bíi búrẹ́dì!"

Àtẹ́wọ́ dákẹ́. Gbogbo wa lọ wò ó. Ẹ̀yìn àga mi dúdú láti ilẹ̀ dé ibi tí mo máa ń gbé orí lé. Sístà gbójú sókè, ó rí ihò afẹ́fẹ́ tó wà lókè ògiri, nǹkan aláwọ̀ àlùkò kan ń yọjú níbẹ̀. Ó gun àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Kò tán. Ó ń fà á, ó ń jáde.

Bùrọ́dà kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ní, "Sístà, ẹ rọra o, kó má lọ jẹ́ pé gbogbo aṣọ Kérésì ló wà níbẹ̀."

Gèlè ni. Gèlè tí màmá àgbà wé lọ́jọ́ ìgbéyàwó màmá ẹ.

Sístà ní, "Ta ló dí ihò yìí?" Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo fẹ́ sọ pé èmi kọ́, màmá àgbà ti gbà á lẹ́nu mi.

"Èmi ni. Òtútù ni mo dí i mọ́."

Sístà sọ̀kalẹ̀. Ohùn ẹ̀ náà sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì mi, ihò yẹn ni ilé fi ń mí. Èémí gbogbo wa yìí, ooru ẹ̀wà yẹn, omi aṣọ tẹ́ ẹ sá sórí híìtà, kò ríbi gbà jáde. Ara ògiri ló ń wọ̀. Ohun tó bu yẹn lẹ wá ń fà símú. Ó lè jẹ́ òun ló gbé ikọ́ yín dìde."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo mú gèlè yẹn dání. Mo bi màmá àgbà pé, kí ló dé tó jẹ́ èyí?

Ó ní, "Aṣọ tó nípọn tó sì gùn ni mo ń wá, òun lọwọ́ mi bà. Ẹ̀yin lẹ ń gbọ̀n. Tí mo bá bi yín, ẹ ó ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ ti ń dé fìlà sùn."

Ẹni tí àyà ń dùn ló dí ihò afẹ́fẹ́ nítorí èmi.

Lọ́jọ́ kejì, Sístà wá lẹ́yìn iṣẹ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ní kí n mú màmá àgbà jáde kó má bàa fa òórùn ọṣẹ símú. A lọ jókòó ní Tavy Bridge nítòsí ilé wa, à ń wo àwọn ọmọdé lórí kẹ̀kẹ́. Nígbà tá a dé, ògiri ti funfun. Sístà ní ká máa ṣí fèrèsé láràárọ̀, kó má ju ìgbà tí tíì fi máa hó lọ, ká wọ súẹ́tà dúró dè é, ká sì tì í padà. Ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ìdérí. Ihò yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní abẹ́ ilẹ̀kùn ni ká lọ dí, ibẹ̀ ni òtútù gidi ń gbà.

Màmá àgbà rán búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ó fọ gèlè, àmì dúdú ò kúrò lára ẹ̀. Ló bá rán an bí àpò gígùn, èmi ń ki sọ̀kíìsì tó ti lu àti súẹ́tà àtijọ́ sínú ẹ̀. A tẹ́ ẹ sí abẹ́ ilẹ̀kùn bí ajá tó ń ṣọ́lé. Kíá ni ẹsẹ̀ mi mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, ìwọ àti màmá ẹ dé. O ń tẹ fóònù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé etí ẹ wà lọ́dọ̀ wa. Màmá ẹ fọwọ́ kan ògiri. Ó wo ihò. Ó wo báàgì. Màmá àgbà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo wo ilẹ̀.

Mo ní, "Jọ̀ọ́, fi màmá ẹ sílẹ̀ fún mi."

Màmá ẹ wò mí. Kò gbọ́ ọ rí kí n bẹ òun. Ó ti ibi iṣẹ́ òru lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ó ní kóun jókòó díẹ̀ kí òun àti màmá àgbà tó máa lọ. Ó bọ́ kóòtù. Nígbà tó yá ó bọ́ súẹ́tà. Kí màmá àgbà tó gbé tíì dé, ó ti sùn lórí àga mi, ó ń hanrun.

Nígbà tó jí, ó ní, "Dádì, ibí yìí gbóná ju ọ̀dọ̀ mi lọ o." Ó gbé etí lé ẹ̀yìn màmá àgbà, ó ní òun á máa wá gbọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò bá dínkù, òun ń gbé e lọ. Ó sì ń wá. Díẹ̀díẹ̀ ni ikọ́ lọ. Èmi ni mo gbé báàgì padà sórí wọ́dúróòbù.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Sístà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá ẹ. Ẹnì kan ló kù. Ọ̀rọ̀ gèlè yẹn, mi ò tíì dúpẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́ màmá àgbà títí di òní. Tí mo bá ti wò ó lójú, ọ̀rọ̀ máa ń sá. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ fún mi rí.

Ó wà ní kíṣìnì báyìí, mò ń gbọ́ ìdérí ìkòkò. Sún gèlè yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Wá kà á látìbẹ̀rẹ̀. Kà á sókè, kó dé kíṣìnì.